Ògùrọ̀ àti Ẹmu Ọ̀pẹ

Funfun ni àwọn méjèèjì nínú ife, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n mu kì í ṣì wọ́n mú. Ní agbègbè Òde Mahin, níbi tí irà pọ̀ sí, igi ògùrọ̀ ló bá ilẹ̀ mu jù. Ilẹ̀ tó gbẹ díẹ̀ ni ọ̀pẹ ń fẹ́.

Ògùrọ̀ àárọ̀ dùn, ó fúyẹ́, ó sì ń lọ lọ́fun wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹmu ọ̀pẹ ki jù ú lọ. Òórùn rẹ̀ le, ó sì máa ń ta díẹ̀ létè. Ògùrọ̀ ni tèmi, bí kò bá ti sí ẹni tó fi omi àti ṣúgà bà á jẹ́. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìwúkàrà ti jẹ adùn rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń sè di ògógóró, tí ìjọba amúnisìn fi òfin dè títí, tí kò ran án.

Iṣẹ́ adẹ́mu gan-an ló wú mi lórí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni igi ògùrọ̀ ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Adẹ́mu gbọ́dọ̀ mọ àsìkò: nígbà tí imọ̀ tuntun bá ń kúrú ní orí igi, ó ti yá. Yóò gbẹ́ ojú ibẹ̀, yóò so agbè mọ́ ọn, yóò sì máa fi ọ̀bẹ mímú fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí omi rẹ̀ má bàa dí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo, ó fi igi ṣòfò.

Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ ṣeé padà sí lọ́dọọdún. Ọ̀mùtí inú ìwé tí Amos Tutuola gbé jáde ní 1952 ń mu kẹ́ẹ̀gì ẹmu ọ̀pẹ 150 kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Ká ní ògùrọ̀ ló ń mu ni, oko tí bàbá rẹ̀ fún un ì bá ti parun.