1971: Ọdún Tí Àpàlà Kò Kánjú

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń kọ ìtàn orin Nàìjíríà léèrè nípa ọdún 1971, Fẹlá ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, tó ń wá ohùn tuntun kiri. Àwọn ará Accra á ní ọdún Soul to Soul ni, nígbà tí Wilson Pickett àti Ike àti Tina Turner wá kọrin lọ́dọ̀ wọn ní oṣù Kẹta. James Brown alára ti wá sí Nàìjíríà ní ìparí 1970. Gìtá, fèrè onídẹ, ìlù tó ń sáré: ohun tí etí ọ̀dọ́ ń fẹ́ nígbà náà nìyẹn. Ọdún yẹn kan náà ni Haruna Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà tó fi Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe ilé, gbé àwo Oroki Social Club jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Decca. Kò sí gìtá níbẹ̀, kò sí fèrè òyìnbó. Orin náà kò sì kánjú rárá.

Àìkánjú yẹn ni mo fẹ́ gbèjà. Ọ̀pọ̀ tó ti ṣe lámèyítọ́ àpàlà ló máa ń gbóríyìn fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, fún òwe, àdúrà àti ẹsẹ Kùránì tó máa ń yọ lójijì láàárín ìyìn. Wọ́n á wá fi ìlù sílẹ̀ bí ẹni pé àga lásán tí akọrin jókòó lé ni. Lójú tèmi, ohun tí Haruna fi ń kọrin gan-an ni àkókò.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Agídìgbo ló gbé ìsàlẹ̀ orin: àpótí pákó tí wọ́n so irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ lójú, tí ẹni tó ń ta á ń fi ìka tẹ̀. Ohun kan náà ló ń sọ ní àsọtúnsọ, kì í yà bàrá. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo dì í mú, àkúbà ń dáhùn láàárín wọn. Haruna á lé gbólóhùn kan, á sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gùn ju èyí tí akọrin òde òní lè fara dà lọ. Inú rẹ̀ ni ìlù tó wà ní abíyá ti máa ń mú ọ̀rọ̀ náà tún sọ, nígbà mìíràn á fi tirẹ̀ kún un, kí àwọn ẹlẹ́gbè tó wá gbè é. Gbólóhùn kan á ti gba ẹnu mẹ́ta kọjá kí òmíràn tó dé. Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ẹni tí kò bá ní sùúrù, ariwo ni yóò gbọ́.

Irú àyè bẹ́ẹ̀ kò sí lórí àwo nígbà tí Haruna bẹ̀rẹ̀. Ní 1948 ni HMV kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nínú orin tó kọ fún Ọba Adeboye, Òrìmolùsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọba wàjà ló tún un kọ, tí orúkọ rẹ̀ fi wá kàn káàkiri. Ojú kan àwo ìgbà yẹn kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹni tó máa ń kọrin di òwúrọ̀ ní òde ìnáwó, kí ló fẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe? Kó tó kí onílé tán, abẹ́rẹ́ ti dé òpin. Ìgbà tí elépìì dé, tí ojú rẹ̀ kan lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ni òde ìnáwó tó ráyè wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Títí Haruna fi dé 1971, ó ti mọ bí a ṣe ń ná ogún ìṣẹ́jú láìfi ìkankan ṣòfò.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù tí wọ́n fi ń kan àpàlà ni pé orin olówó ni, pé ẹni tó bá náwó ni wọ́n ń yìn. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ àwo ìgbà yẹn, bí ẹ bá yọ orúkọ àwọn oníṣòwò kúrò nínú wọn, ẹ kò ní bá nǹkan púpọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Oroki yàtọ̀ díẹ̀. Òrókì ni oríkì Òṣogbo, ẹgbẹ́ aláfẹ́ kan níbẹ̀ ni orin náà sì wà fún. Yíyin Lágbájá nítorí owó ọwọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, yíyin ẹgbẹ́ lọ́tọ̀. Lágbájá á kú, ìyìn rẹ̀ á sì di ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan mọ̀. Ẹgbẹ́ ni ẹnikẹ́ni lè fi tirẹ̀ rọ́pò.

Ìdí nìyẹn tí ará Ìjẹ̀bú-Òde tí kò dé Òṣogbo rí fi mọ ohun tó ń gbọ́. Ìlú tí à ń fi ẹgbẹ́ mọ ènìyàn ni Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ wo àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́-orí kan náà, tó máa ń jáde ní ọdún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn Gbọ́baníyì, Bọ́bagbìmọ̀, Bọ́bakẹ́yẹ, tí Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà mú lọ́kùn-únkúndùn láàárín 1960 tó gorí ìtẹ́ àti 2025 tó wàjà. Aṣọ kan náà, ìṣísẹ̀ kan náà, kí ìlù sì máa dárúkọ. Ẹ má sì gbàgbé àsìkò tí Oroki jáde. Oṣù Kìíní 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ní 1968 àti 1969 ni àwọn àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde ogun nítorí owó orí, èyí tí a mọ̀ sí Àgbẹ̀kọ̀yà. Lẹ́yìn irú ọdún bẹ́ẹ̀, kí àwọn ènìyàn jọ dáwó, kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n sì bá ara wọn ṣòkú, ohun tó yẹ kí á kọrin sí ni.

Wọ́n máa ń sọ pé mílíọ̀nù márùn-ún ni àwo Oroki tà. N kò gbà. Ìkànìyàn 1963, tí àwọn kan gan-an ń sọ pé wọ́n bù mọ́, fi Nàìjíríà sí nǹkan bí mílíọ̀nù 55. Mílíọ̀nù márùn-ún àwo túmọ̀ sí pé ẹnì kan nínú mọ́kànlá, tọmọ tàgbà, títí dé Máídúgùrì, ló ra àpàlà. Àwo kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò sì sábà máa ń pé lé lórí. Òkìkí orin náà kò nílò irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà náà, 1971 jẹ́ ọdún pàtàkì fún orin àwọn ará oko wọn, country, tí àwọn òbí wa mọ̀ láti ẹnu Jim Reeves lórí rédíò. Ọdún yẹn ni Charley Pride, ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n bí sáàárín àwọn àgbẹ̀ olówùú ní Mississippi, gba àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ ní ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn olórin country, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbà á. Orin tiwọn àti tiwa, àwọn tó ti oko wọ ìlú ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ẹnì kan ni tiwọn sábà máa ń rò. Àpàlà kì í dá sunkún. Bó bá fẹ́ sunkún pàápàá, yóò dárúkọ àwọn ẹbí òkú.

Nílé níbí, Haruna kò dá nìkan wà. Ligali Mukaiba wà ní Ẹ̀pẹ́. Àyìnlá Ọmọwúrà ti Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo fún EMI ní 1970, ìlù rẹ̀ gbóná, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Bí ẹ bá gbọ́ òun àti Haruna lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Àyìnlá ni ẹ máa fẹ́. Èmi náà ń jó sí i. Haruna sì ní àléébù tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́: àwo rẹ̀ jọra jù. Ẹ lè gbọ́ mẹ́ta léra kí ẹ má mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ọ̀nà kan náà tó fi gbé Oroki ró ló fi gbé ọ̀pọ̀ àwo tí kò ní láárí ró. Ohun tó gba Oroki là ni pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti ìṣísẹ̀ ìlù rẹ̀ bára mu: ìjókòó ẹgbẹ́ ni orin náà ń sọ, bí ẹni tó jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ ló sì ṣe ń lọ.

Haruna mọ iye tí ohùn rẹ̀ tó. Ní 1969, òun àti I.K. Dáíró ti dá ilé-iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀, tí akọrin fúnra wọn ni. Lẹ́yìn náà ló dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó fi jẹ́ pé ìlú tó kọ́kọ́ kọrin fún ọba rẹ̀ náà ló padà di ibi tí wọ́n ti ń tẹ àwo. Ó kú ní 1983. Ọmọ rẹ̀, Musiliu, gbé Soyoyo jáde ní 2000, àwọn ọ̀dọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ni àpàlà.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣa díẹ̀ lára orin Haruna jọ sínú CD Apala Messenger ní 2001. Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹsẹ̀ kan sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sì yẹ kí á máa dúró de òkè òkun. Kí ilé ìkàwé ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwo àpàlà, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn onílù àti ẹlẹ́gbè sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé. Ẹ̀yin tí àwo Decca wà ní àjà ilé bàbá yín ní Òkè-Àjé, Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń rà á kiri.