Ojú Màmá Mi Nínú Ègé Mẹ́sàn-án

Ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́, tó sì máa ń wo Instagram, yóò ti ṣe alábàápàdé ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí yóò pè é. Yóò wọ ojú ewé ẹnìkan, dípò kí ó rí àwòrán kéékèèké tí wọ́n tò ní mẹ́ta-mẹ́ta, àwòrán ńlá kan ṣoṣo ni yóò rí tó gba gbogbo ojú fóònù: ìyàwó tó wé gèlè, tàbí mọ́tò, tàbí bàtà kan tó tóbi bí ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá fi ìka tẹ apá kan níbẹ̀, ìgbà náà ni yóò tó mọ̀ pé àwòrán kan kọ́. Wọ́n gé e ni. Ègé mẹ́sàn-án ni, tàbí méjìlá, wọ́n sì tò wọ́n padà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù.

Èmi náà ti ṣe é rí. Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi ojú lámèyítọ́ wò nínú àròkọ yìí, nítorí n kò lè máa wá àbùkù sí iṣẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí tèmi wà nílẹ̀.

Màmá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtokù, ní Abẹ́òkúta. Nígbà ìsinmi tó kọjá, wọ́n ní kí n bá àwọn ṣí ojú ewé kan sórí Instagram kí àwọn oníbàárà tó wà lọ́nà jíjìn lè máa rí ọjà. Mo ya màmá mi ní fọ́tò níwájú ìsọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga, aṣọ tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn wọn, wọ́n sì gbé ọwọ́ kan lé òkìtì aṣọ tó wà lórí itan wọn. Fọ́tò náà dára. Èmi ni mo yà á, ṣùgbọ́n n kò fi yangàn. Oòrùn àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Mo wá gba áàpù kan tó máa ń gé àwòrán sí ọgbọọgba, mo sì gé màmá mi sí mẹ́sàn-án.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbé e síta, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Instagram máa ń to àwòrán ní mẹ́ta-mẹ́ta lórí ìlà, èyí tó bá dé kẹ́yìn ni yóò sì wà lókè pátápátá ní apá òsì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ tò bó ṣe yẹ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ègé ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ gbé síta, yóò sì máa fi ẹ̀yìn rìn títí yóò fi dé ègé òkè apá òsì. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó ń sọ ìtàn láti ìparí bọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, láàárín ọjà tó ń hó yèè. Àwọn tó ń tẹ̀lé wa kò sì sí lójú ewé wa nígbà tí gbogbo èyí ń lọ. Àyè tiwọn ni wọ́n wà, tí wọ́n ń wo ohun tí oríṣiríṣi ènìyàn gbé síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ègé tiwa sì ń bá wọn níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ìsọ̀ màmá mi fi han aráyé ni ẹsẹ̀ àga oníke kan àti etí ìró.

Ìyá kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ̀gbọ́n màmá mi júwe wa fún, kọ̀wé sí wa pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àga lẹ̀ ń tà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n màmá mi pè wá. Ìlà tí mo fi gé àwòrán náà gba àárín ojú màmá mi kọjá: ẹyinjú kan àti ìdajì ẹnu wà nínú ègé kan, ìdajì kejì wà nínú ègé mìíràn. Ọ̀kan péré ló tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní, "Kí ló ṣe àbúrò mi? Ta ló gé ojú rẹ̀ sí méjì?" Wọn kò bínú, ẹ̀rù ló bà wọ́n. Àwọn àgbà ilé wa kì í fẹ́ rí fọ́tò ẹni tó wà láàyè kí ó ya sí méjì, èmi sì ni mo mú ọ̀bẹ.

Síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Nígbà tí ègé kẹsàn-án bọ́ sí àyè rẹ̀, àwòrán náà wuyì. Màmá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Èmi rèé? Mo mà ti dà bí olóṣèlú tó ń du ipò." Ó dùn mọ́ wọn. Ojú fóònù kéré, ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ ló sì ń jìjàdù àyè. Kí ohun kan ṣoṣo wá gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń dá ènìyàn dúró. Pátákó ìpolówó ni. Ẹni tí kò lówó tí yóò fi ya pátákó lójú títì lè fi dátà díẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí ẹwà nínú iṣẹ́ yìí, kò tíì wò ó dáadáa.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni aṣọ tuntun dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláró. Màmá mi ní kí n gbé e síta. Mo ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n béèrè ìdí, mo ṣàlàyé: bí mo bá fi àwòrán kan péré kún un, gbogbo ègé ni yóò sún. Èyí tó wà ní ìparí ìlà yóò já sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ògiri tó wà lókè yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìgbọ̀nwọ́ wọn, ìgbọ̀nwọ́ kejì yóò já sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àyàfi bí aṣọ mẹ́ta bá wà tí a lè gbé síta tẹ̀lé ara wọn, kí odindi ìlà kan lè wọlé. Méjì ló sì dé.

Màmá mi wò mí. "Ṣé nítorí kí àwòrán mi má bàa bàjẹ́ ni aṣọ mi kò ṣe ní tà? Ìsọ̀ wo ló ń ti ilẹ̀kùn kí wọ́n lè ráyè wo pátákó rẹ̀?"

N kò tíì gbọ́ lámèyítọ́ tó mú ju èyí lọ nípa irú àwòrán yìí. Lójú mi, ó ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ. Àwòrán tí a gé báyìí, ẹni tó ni ojú ewé nìkan ló mọ adùn rẹ̀ tán, nítorí òun ló máa ń dúró síwájú ilé ara rẹ̀ wò ó. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà, tí a tìtorí wọn kọ́ ilé náà, ègé ni wọ́n ń bá pàdé.

Àwọn tó ti ṣe tiwọn ṣáájú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 tún rí òmíràn. Láti ọdún 2010 tí Instagram ti bẹ̀rẹ̀, igun mẹ́rin ọgbọọgba ló fi ń to àwòrán sójú ewé oníkálukú. Ní oṣù yẹn ni wọ́n yí i padà sí èyí tó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ègé tí wọ́n ti gé ní ọgbọọgba kò bá àyè tuntun náà mu mọ́. Díẹ̀ nínú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kò hàn mọ́, àwòrán ńlá sì já níbi tí ègé méjì ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn, wọ́n sì sọ ọ́ síta. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó tún wá kó gbogbo ẹwà ilé náà lé ibi tí ògiri ti pàdé ògiri, ó yẹ kó rántí pé onílẹ̀ lè sún ògiri.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀kọ́ tí mo nílò wà nílé wa kí n tó di fóònù mú. Ẹ wo aṣọ òfì. Èyí tí ahunṣọ ń hun kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀já gígùn ni. Aránṣọ ni yóò gé e, tí yóò rán an mọ́ ara rẹ̀ títí yóò fi di ìró tàbí agbádá. Odindi là ń rí lóde ìnáwó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ọ̀já kan ṣoṣo kí ó tó dé ọwọ́ aránṣọ, aṣọ ni. Ó ní etí, ó ní àwọ̀, ó ní ìlà tirẹ̀.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí màmá mi ń tà tún là á yé mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ máa ń pín ojú aṣọ náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, yóò sì fi ọnà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn, ẹ óò rí òpó gbọ̀ngàn Màpó, ẹ óò sì rí ṣíbí láàárín àwọn òpó náà. Ẹni tó rí igun kan péré ti rí nǹkan. Ẹni tó rí gbogbo rẹ̀ rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ méjì ni wọ́n sì ń rán pọ̀ kí ó tó fẹ̀ tó ìró. Ojú rírán náà wà níbẹ̀ gbangba, kò sẹ́ni tó ń fi í pamọ́.

Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Odindi ni mo kọ́kọ́ ní, mo wá gé e láìbéèrè ibi tó yẹ kí ọ̀bẹ gbà. Nínú ègé mẹ́sàn-án tèmi, mélòó ló lè dá dúró? Mo kà wọ́n. Ẹyọ kan ni: ọwọ́ màmá mi lórí òkìtì aṣọ, tó ṣèèṣì bọ́ sí àárín gan-an. Òun ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, mo sì rò pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ara nǹkan mìíràn ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì, tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ, kò gbà fún mi. Ó ní ègé tí kò yé ènìyàn ló ń mú un wá wo odindi, pé bí àlọ́ ló rí. Mo ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Àlọ́ àpamọ̀ máa ń fi nǹkan pamọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fún wa ní òfìfo. Àwòrán tó pé ló máa ń gbé kalẹ̀ níwájú wa, débi pé bí a kò tilẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹnu wa ti tọ́ nǹkan wò. Ògiri tó wà nínú ègé òkè apá ọ̀tún tèmi kò pa àlọ́ kankan fún ẹnikẹ́ni. Ògiri ni.

Olùkọ́ wa nínú iṣẹ́ ọnà fi iṣẹ́ kan hàn mí tó dá mi lóhùn ju àríyànjiyàn lọ. David Hockney, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é. Àkọlé rẹ̀ ni Pearblossom Hwy., 11–18th April 1986. Ojú títì kan nínú aṣálẹ̀ California ni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò ló sì lẹ̀ pọ̀ kó tó di àwòrán kan. Hockney kò gé fọ́tò kankan láti inú odindi. Ó rìn lọ bá nǹkan kọ̀ọ̀kan, ó sún mọ́ ọn, ó sì yà á. Kódà ó gun àkàsọ̀ kí ó lè dojú kọ àmì ojú títì tó ní kí ọkọ̀ dúró. Etí àwọn fọ́tò náà kò bára mu, kò sì bìkítà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti ẹ̀ nìyẹn, yàtọ̀ sí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ègé kọ̀ọ̀kan tirẹ̀ ni ẹnìkan tẹjú mọ́. Nínú tèmi, áàpù ló gé e, n kò sì wo ègé kankan lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó bá kúkú ní àwòrán gígùn tí kò fẹ́ kó fọ́nká, Instagram ti gbà láti ọdún 2017 kí ènìyàn kó àwòrán púpọ̀ sójú kan, tí òǹwòran yóò máa fi ìka fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kéré tán, níbẹ̀, orí á ṣáájú ẹsẹ̀.

Mo yọ gbogbo ègé náà kúrò. Màmá mi ní kí n fi odindi fọ́tò náà sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀gbọ́n àwọn lè sùn. Lẹ́yìn èyí ni mo tẹ́ Ìbàdàn Dùn kan sílẹ̀ nínú àgbàlá, tí mo sì ya igun mẹ́sàn-án rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mò ń fi orúnkún rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ìlà wọn kò ṣe déédéé, òjìji orí mi sì wà nínú ọ̀kan. Ẹni tó bá wọ ojú ewé wa yóò rí aṣọ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ odindi. Nígbà tí aṣọ mìíràn dé, ọjọ́ náà gan-an ni mo gbé e síta. Gbogbo rẹ̀ sún, kò sì sí ohun tó bàjẹ́.

Ìyá Lọ́ńdọ̀nù tún kọ̀wé. Wọ́n fi ègé tó ní òpó Màpó nínú ránṣẹ́ padà sí wa, wọ́n sì béèrè iye tí yáàdì márùn-ún rẹ̀ jẹ́.