Ta ló ni ọmọ tó ń rì sómi?

Mo fẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan wò. Peter Singer ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ronú lórí ìwà: èwo ló tọ́, èwo ni kò tọ́, kí sì ni ìdí rẹ̀. Ẹ má sọ pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Àwọn àgbà wa náà ń ṣe é lábẹ́ igi, àfi pé wọn kì í gba owó oṣù.

Ìlú Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1946. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n sá kúrò ní ìlú Vienna ní 1938, nígbà tí Hitler gba ibẹ̀. Nínú àwọn òbí-àgbà rẹ̀ mẹ́rin tó kù sẹ́yìn, ẹnì kan ṣoṣo ló yè é. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ.

Ní 1971, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bangladesh lónìí. Bíi mílíọ̀nù 9 ènìyàn ló sá lọ sí Íńdíà, ebi àti àrùn sì ń pa wọ́n. Singer wà ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 25 ni. Ó rí i pé ohun tí àwọn olówó ayé fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan. Ó kọ àròkọ kékeré kan, tó jáde ní 1972.

Ó ní: ká ní ẹ ń lọ lójú ọ̀nà, ẹ rí ọmọ kékeré kan tó ń rì nínú adágún. Omi náà kò jìn. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ á ba aṣọ yín jẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ ó yọ ọmọ náà, àbí ẹ ó ro ti aṣọ? Kò sí ẹni tí kò mọ ìdáhùn. Singer wá ní: bí ọmọ mìíràn bá ń kú lọ ní ọ̀nà jíjìn, tí owó aṣọ yín sì lè gbà á là, kí ló fi yàtọ̀? Pé ọ̀nà jìn kì í ṣe àwáwí. Pé àwọn mìíràn kò ṣe nǹkan kan kì í ṣe àwáwí.

Ọ̀rọ̀ yìí lágbára. A máa ń sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń fi òwe yẹn sá fún ẹni tó yẹ kí á ràn lọ́wọ́? Singer ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Òun fúnra rẹ̀ kò fi ẹnu nìkan ṣe é. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó wọn ṣe ìrànlọ́wọ́, ó sì ń pọ̀ sí i.

Mo sọ ìtàn adágún yìí nínú kíláàsì wa. Ìyá àgbà kan nawọ́ sókè, ó ní: “Olùkọ́, ta ló ni ọmọ náà? Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ta ló sì fi adágún sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà láì ṣọgbà yí i ká?” A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi.

Nínú ìtàn Singer, ẹni tó dúró létí omi nìkan ló ń ronú. Ọmọ náà kàn ń rì ni. Bí òyìnbó bá ka ìtàn yìí, etí omi ni yóò ti rí ara rẹ̀. Bí èmi àti ẹ̀yin bá kà á ńkọ́? Àwa ni wọ́n sábà máa ń fi sínú omi.

Ní abúlé kan nítòsí wa, àwọn kan fi inú rere wá gbẹ́ kànga oní-pọ́ǹpù. Wọn kò bi obìnrin kankan léèrè. Ibi tí ọkọ̀ wọn lè dé ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ní òjò kejì, irin kan kán nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Àwọn obìnrin padà sí odò. Àwọn tó dáwó náà á ti rò pé àwọn ti yọ ọmọ kúrò nínú omi.

Kí n má parọ́ mọ́ Singer. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2009, ó ní kí olùrànlọ́wọ́ wádìí bóyá owó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ló ṣì ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan wà tó fèsì fún un láti inú omi. Singer ti kọ ọ́ pé, nígbà mìíràn, bí ọmọ tuntun bá ní àbùkù ara tó burú gan-an, ó lè tọ́ kí àwọn òbí yàn pé kí ó kú. Èmi kò lè bá a débẹ̀ láéláé. Ní 2002, Harriet McBryde Johnson, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn láti kékeré, lọ bá a jiyàn lójúkojú ní yunifásítì Princeton. Ó ní ayé òun kò burú ju ti ẹlòmíràn lọ. Singer ló pè é wá, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀ kò yí èrò rẹ̀ padà.

Nígbà tí àrùn ìgbàgbé mú ìyá Singer, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náwó púpọ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ rẹ̀, owó yẹn ìbá gba ọ̀pọ̀ ọmọ là. Àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́, ó gbà pé ọ̀rọ̀ náà le ju bí òun ti rò lọ nígbà tó bá jẹ́ ìyá ẹni. Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ẹjọ́ tí mo bá a rò ni pé kò mú ìyá yẹn padà lọ sí etí adágún. Ìbá mú un lọ, ìbá bi í pé ta ló ni ọmọ náà.