Ìyàwó títí di ìgbà wo?

Ẹ tẹ́tí sí bí ọkùnrin ṣe ń dárúkọ aya rẹ̀. Láàárín ọ̀rẹ́, "obìnrin mi", tàbí "màdáàmù mi nílé", pẹ̀lú ẹ̀rín, bíi pé òun ló gba ọkùnrin náà síṣẹ́. "Aya" gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ Bíbélì.

Èyí tó gbòde jù ni "ìyàwó", kì í sì í ṣe ti ọkọ nìkan. Bàbá ọkọ ń pè é bẹ́ẹ̀. Àbúrò ọkọ lóbìnrin náà ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà á sì máa dá a lóhùn ní "ọkọ mi". Gbogbo ilé ló fẹ́ ẹ. Ó dùn létí.

Ṣùgbọ́n tó bá bímọ, "ìyàwó" á di "Ìyá Bọ́lá". Èyí tí kò tíì bí ńkọ́? Ọdún kẹwàá, ìyàwó. Ewú ti ń yọ lórí, ìyàwó ṣì ni. Kò sẹ́ni tó bú u o, àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é ni wọ́n ń rán an létí.

Mi ò ní ká pa "Ìyá Bọ́lá" tì, ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sínú ọ̀wọ̀. Oríkì wà ńlẹ̀: Àṣàkẹ́, Àjọkẹ́, Àdùnní. Ó ti ń jẹ́ ẹ kó tó wọ ilé ọkọ, kò sì dúró de ọmọ kankan. Ẹ fi pè é.