Àkàrà Òkè Òkun

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. N kò bá òwe náà jà. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí àwa alákọ̀wé bá ti ìrìn àjò dé, oúnjẹ ni a kọ́kọ́ máa ń fi ṣe fáàrí: a jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ja ní Dàkà, a mu sódábì ní Kútọnu. A ó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé oúnjẹ náà kò sí láyé kí àwa tó fi ahọ́n kàn án. Àṣà yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí èmi náà jẹ̀bi rẹ̀.

Ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, mo dúró níwájú obìnrin kan tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó wé gèlè funfun, tí ó ń dín àkàrà nínú epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó la àkàrà náà sí méjì, ó fi vatapá sí i láàárín, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà àti oje àgbọn sè, ó sì kó edé gbígbẹ lé e lórí. Ọ̀ọ̀lẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, abará ni orúkọ rẹ̀. Mo fa ìwé yọ, mo ń bi í ní ìbéèrè, mo sì ń kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ojú ewé méje ni mo kọ.

Ohun tí mo kọ níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ adùn lọ. Àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n gbé àkàrà kọjá òkun. Ọya, ẹni tí wọ́n ń pè ní Iansã, ni ó ni ín ní ilé òrìṣà. Láyé oko ẹrú, àwọn obìnrin kan fi owó oúnjẹ tí wọ́n tà lójú pópó ra òmìnira ara wọn. Ní ọdún 2005, ilẹ̀ Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà Bahia sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ẹ kíyè sí i: iṣẹ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀, kì í ṣe adùn. Nígbà tí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014 ń bọ̀, tí òfin FIFA fẹ́ lé wọn jìnnà sí pápá ìṣeré Fonte Nova, àwọn obìnrin náà fẹ̀hónú hàn títí wọ́n fi rí àyè tà.

Òkun tí ó gbé oúnjẹ lọ náà ni ó gbé òmíràn bọ̀. Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú fùréjọ̀n wá, ẹ̀wà tí a sè, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi oje àgbọn sí. Èdè Potogí ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ọjọ́ Ẹtì tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì fi ń ṣèrántí ikú Jésù ni ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó máa ń jẹ ẹ́. Ta ni yóò wá ní òun ṣàwárí kí ni níbi tí ọjà ti ń lọ tí ó ń bọ̀ báyìí?

Òkun kan náà ni ó wà ní gúúsù Ajah, bí ọ̀sà ti wà ní àríwá rẹ̀. Lábẹ́ afárá Ajah, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Ìyá Alákàrà kan ti dáná. Awakọ̀, kọ̀ńdọ́ àti òṣìṣẹ́ tí ń sáré lọ sí Erékùṣù ń ra búrẹ́dì àti àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ti rà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì bi í ní nǹkan kan rí ju iye owó lọ. Ìgbà tí mo ti Bahia dé ni mo tó bi í pé:

"Ìyá, kí ló dé tí àkàrà yín máa ń wú, tí tilé wa ń rí pẹlẹbẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ máa ń tètè fi iyọ̀ sí i ni. Ẹ pò ó dáadáa kí afẹ́fẹ́ wọnú rẹ̀. Ìgbà tí epo bá gbóná tán ni kí iyọ̀ tó wọ̀ ọ́."

Ojú tì mí. Obìnrin Salvador ń po tirẹ̀ lójú mi, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun ìyanu. Ẹni tí ó ń bọ́ mi ní Ajah mọ̀ ọ́n, n kò sì kà á sí onímọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé bí n kò bá dé Bahia, n kì bá tí bi Ìyá Alákàrà ní ìbéèrè. Òótọ́ ni, èyí sì ni èrè ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí ó bá ń ròyìn oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè fún mi, ohun mẹ́ta ni n ó bi í: Ta ni ó sè é? Ta ni ó kọ́ ọ? Èrè wo ni ó ń rí níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, n ó ní kí ó dáhùn ìbéèrè kan náà nípa àkàrà àdúgbò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Bí wọ́n bá lé Ìyá Alákàrà kúrò lábẹ́ afárá lọ́la, ta ni yóò fẹ̀hónú hàn nítorí rẹ̀? Àwọn ará Bahia mọ ohun tí wọn yóò pàdánù. Àwa tí a ń jẹ àkàrà Ajah kò tíì bèèrè.