Síso Fọ́nrán mọ́ Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà nínú Ìlànà OpenMP: Àyẹ̀wò Kan

OpenMP ni ìlànà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi èdè C, C++ àti Fortran kọ ètò ìṣirò ń tẹ̀ lé láti pín iṣẹ́ kan fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà púpọ̀. Ìpín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ lọ́tọ̀ nínú ètò ni a ń pè ní fọ́nrán níhìn-ín. Bí a bá fi fọ́nrán sílẹ̀ fún Linux, ó lè gbé e láti orí ọpọlọ kan sórí òmíràn nígbàkígbà, ohun tí fọ́nrán náà sì ti kó sínú káàṣì ọpọlọ àkọ́kọ́ yóò di àtúnkó. Ìdí nìyí tí a fi ń so ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀dà 3.1 (2011) ni ó mú OMP_PROC_BIND wá. Ohun tí "true" ń sọ níbẹ̀ kò ju pé kí fọ́nrán má ṣe ṣí kúrò níbi tó wà. Ibo gan-an ni kí ó wà? Ìlànà kò sọ, àṣẹ kan náà sì lè so fọ́nrán síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ àwọn kọ̀ǹpáílà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀dà 4.0 (2013) tún èyí ṣe dáadáa: OMP_PLACES ń dárúkọ ibi, "close" ń kó àwọn fọ́nrán sún mọ́ra, "spread" sì ń fọ́n wọn ká. (Bí ẹ̀dà 5.1 ti ọdún 2020 ṣe fi "primary" rọ́pò "master", orúkọ lásán ni ó yí padà.)

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ fọ́nrán sí fọ́nrán ni "close" àti "spread" ń sọ. Wọn kò sọ ti fọ́nrán sí dátà, níbi tí ìnira gan-an wà. Ká mú ẹ̀rọ alápá méjì, tí apá kọ̀ọ̀kan ní ọpọlọ àti ìrántí tirẹ̀. Bí a kò bá pàṣẹ mìíràn, Linux máa ń fi ojú-ewé ìrántí sí apá tí fọ́nrán tó kọ́kọ́ kọ nǹkan sí i wà. Bí fọ́nrán àkọ́kọ́ nìkan bá fi òdo kún gbogbo àtẹ nọ́ńbà, apá kan ṣoṣo ni gbogbo dátà yóò wà. "Spread" yóò wá kó ìdajì àwọn fọ́nrán lọ sí apá kejì, ìdè yóò sì dá wọn dúró síbẹ̀, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn tí koríko wà ní òdìkejì odò. Kí àwọn fọ́nrán tí yóò lo dátà fúnra wọn kọ́kọ́ kọ ọ́ ni àtúnṣe rẹ̀, kò sì ṣòro. Ẹ̀dà 5.0 (2018) mú ọ̀nà wá láti yan irú ìrántí tí dátà yóò wà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ó fi í sí. Ẹni tó bá ka orí ìdè nìkan yóò rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ti ẹ̀rọ àjọlò tún burú ju èyí lọ. Bí ètò méjì bá bẹ̀rẹ̀ síso láti orí ọpọlọ kìíní, orí kan náà ni wọn yóò jọ há sí, nígbà tí àwọn ọpọlọ yòókù jókòó lásán. Linux kò sì ní í lè tú wọn ká, nítorí ìdè náà kò gbà á láyè. Nírú ibi bẹ́ẹ̀, "false" ló sàn, àfi bí àwọn tó ni ètò bá ti kọ́kọ́ pín ọpọlọ láàárín ara wọn.