Ojú Inú àti Agbárí Èèyàn: Bí Laurence Ṣe Dẹranko nínú Bloodborne

Tí a bá sọ pé ẹnì kan ní ojú inú, kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n la orí onítọ̀hún wò. Gbogbo wa mọ̀ pé àfiwé ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé inú géèmù Bloodborne ò gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé èèyàn lè ní ojú nínú agbárí rẹ̀ tó máa rí ohun tí ojú lásán ò rí, wọ́n wá gbé irinṣẹ́, wọ́n ń wá a kiri nínú orí àwọn ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ tó gbá géèmù náà máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìmọ̀ àmọ̀jù ń ya èèyàn ní wèrè. Èmi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ Laurence dáadáa.

Ní 2015 ni iléeṣẹ́ FromSoftware ní Japan gbé Bloodborne jáde fún PlayStation 4, Hidetaka Miyazaki ló sì darí iṣẹ́ náà. Ìlú kan tó ń jẹ́ Yharnam ni ìtàn náà ti wáyé: ṣọ́ọ̀ṣì gogoro, pósí lójú títì, àwọn aláìsàn tó ń di ẹranko lóru. Kí ìlú náà tó bàjẹ́, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Byrgenwerth. Willem ni ọ̀gá ibẹ̀, Laurence sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Wọ́n wọ inú ibojì àtijọ́ tó wà lábẹ́ ìlú, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ abàmì kan bọ̀. Willem ní ojú inú ló yẹ kí wọ́n máa wá, kí wọ́n bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ yẹn. Laurence ní ẹ̀jẹ̀ náà ni ọ̀nà. Ó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó dá ìjọ oníwòsàn sílẹ̀, gbogbo ìlú sì wá ń gba ẹ̀jẹ̀ bí ẹní gba oògùn. Nígbà tó yá, àwọn tó gbà á ń di ẹranko. Laurence fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ di ẹranko nínú àwọn àlùfáà ìjọ náà.

Kò sẹ́ni tó jókòó sọ ìtàn yìí fún wa. Ọ̀rọ̀ ṣókí tí wọ́n kọ sára àwọn nǹkan tí à ń rí he la fi ń tò ó pọ̀, ẹ̀yìn la sì ti ń bọ̀ wá síwájú. Agbárí ẹranko ńlá kan la kọ́kọ́ bá lórí pẹpẹ kàtídírà. Nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án la tó gbọ́ ohùn Laurence nígbà tó ṣì jẹ́ èèyàn, tó ń dágbére fún ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohùn rẹ̀ ò le, kò rẹ́rìn-ín ìkà. Ohun tó dára jù nínú bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ ò ní rí ọjọ́ kan pàtó tí ẹ lè nàka sí pé òní gan-an ló bàjẹ́.

Tó bá parí síbẹ̀, a lè sọ pé Willem ló gbọ́n, Laurence ló gbéra ga. Àmọ́ The Old Hunters, àfikún tó jáde ní November 2015, mú wa dé abúlé apẹja kan tí àwọn ará Byrgenwerth ti ṣọṣẹ́. A rí agbárí ará abúlé náà kan he níbẹ̀, ojú ọgbẹ́ sì kún inú rẹ̀, torí wọ́n ti fi tipátipá wá ojú nínú rẹ̀. Willem sì ni ọ̀gá Byrgenwerth. Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ni òun àti Laurence jọ ń jà sí. Wọn ò bá ara wọn jà lórí orí ta ni wọ́n máa là. Nínú àfikún yìí kan náà, ẹ máa dé ọsibítù ìjọ náà, níbi tí orí àwọn aláìsàn ti wú bí àpò. Nǹkan kan náà ni, ibùsùn ni wọ́n kàn tẹ́ sí i.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, torí náà ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú géèmù ni ohun tí wọ́n ń kà. Bloodborne ń ka nọ́ńbà kan tó pè ní Insight. Tó bá di 1, ọmọláńgidi kan tó ti ń sùn á jí, á máa bá yín sọ̀rọ̀. Tó bá di 40, ẹ máa rí abàmì ẹ̀dá ọlọ́wọ́ púpọ̀ kan tó so mọ́ ara ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Bí nọ́ńbà náà ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ìsínwín á ṣe túbọ̀ máa rí yín mú. Ọ̀kan lára bí ẹ ṣe lè fi kún un ni pé kí ẹ fọ́ agbárí wèrè kan mọ́wọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó fọ́, nọ́ńbà gòkè. Iṣẹ́ Byrgenwerth lẹ ṣe yẹn o. Kò sẹ́ni tó fipá mú yín, ó sì rọrùn.

Níbí ni géèmù náà ti gbọ́n jù, níbí náà ló sì ti kùnà. Ó ń ka bí ìmọ̀ wa ṣe pọ̀ tó àti bí a ṣe sún mọ́ wèrè tó. Kò ka ẹni tó ni agbárí. Ẹnì kan lè ní dídákẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀sùn. Mo gbà á dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ohun tí ètò náà ò kà, kò lè yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Àní agbárí ará abúlé yẹn, ohun tí a ń lò bá ọ̀tá jà ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ní ti Laurence, wọ́n fún un ní ìbànújẹ́ tó rẹwà: ó jókòó sórí pẹpẹ, iná ń jó lára rẹ̀, kò sì mira àyàfi tí a bá gbé agbárí tó ní nígbà tó jẹ́ èèyàn dé. Tí ìjà bá le, ẹsẹ̀ rẹ̀ á já, á máa wọ́ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lára agbárí náà ní bó tilẹ̀ rí i gbà, kò lè rántí nǹkan kan mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn ará abúlé yẹn kò gbàgbé. Ègún ni wọ́n ṣì ń gé fún Byrgenwerth.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gbà pé ìmọ̀ ni géèmù yìí ń bá wí. Èèyàn lè kàwé títí kó má dẹranko. Orí ẹlòmíì tí wọ́n sọ di ìwé ló ba Laurence jẹ́, ó sì ti bà á jẹ́ kó tó fẹnu kan ẹ̀jẹ̀ kankan. Iṣẹ́ tèmi náà wà lára ohun tó jẹ́ kó dùn mí. À ń kó ohùn èèyàn, àwòrán èèyàn, ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn jọ láti fi kọ́ ẹ̀rọ, nọ́ńbà ń gòkè, inú wa ń dùn. Ta ló ń ka àwọn tó ni ín?

Ẹ gbá Bloodborne, ẹ má sì fo àfikún rẹ̀. Tí agbárí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kí ẹ tó fọ́ ọ.